Bí mo ṣe yẹ alámù èéfín àti alámù CO wò kí òtútù tó wọlé

Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àsìkò yẹn ni bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé àti omi gbóná, ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, tí gbogbo fèrèsé sì ń wà ní títì. Òun ni mo fi ṣe àmì ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ẹ̀yìn alámù ni mo kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bọ́tìnnì. Mo gun àkàbà, mo yí alámù èéfín kúrò lórí àwo tó gbé e mọ́ àjà, mo ka ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn. Alámù èéfín kì í kọjá ọdún 10. Ti CO, ìyẹn carbon monoxide, gáàsì olóró tí bọ́ílà lè tú jáde, lè jẹ́ ọdún 5, 7 tàbí 10, ohun tí wọ́n bá kọ sára rẹ̀ ni ká tẹ̀ lé. Èyí tó wà nítòsí bọ́ílà ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, ó ké ketekete. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn. Bátìrì àti ohùn ni bọ́tìnnì ń dán wò. Imú tí alámù fi ń mọ gáàsì tí kò lóòórùn yìí lè ti kú tipẹ́. Mo ra tuntun tó ní àmì EN 50291, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe alámù CO, mo sì fi máákà kọ ọdún tí yóò parí síwájú rẹ̀.

Ara ògiri ni mo kàn án mọ́, láàárín mítà 1 sí 3 sí bọ́ílà, ó ga ju ilẹ̀kùn àti fèrèsé lọ, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí àjà. Ẹ̀yìn kọ́tìnì àti inú kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe àyè rẹ̀.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti fákúùmù gba eruku ihò ara alámù èéfín, nítorí eruku àti kòkòrò wẹ́wẹ́ máa ń mú un ké lásán. Mo wá pààrọ̀ bátìrì 9V rẹ̀. Tó bá ń dún "pín" lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń kú lọ. Òru ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, torí òtútù ń dín agbára bátìrì kù. Èyí tí wọ́n dí bátìrì rẹ̀ pa, odindi rẹ̀ la ń pààrọ̀.

Ilé ìdáná wá ńkọ́? Àwa tí à ń dín ata, alámù èéfín kò ní jẹ́ ká gbádùn níbẹ̀, ni àwọn kan ṣe ń fi ọ̀rá wé e. Alámù ooru ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ti èéfín wà ní kọ́rídọ̀. Ẹ̀yin ayálégbé ní England, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022, onílé ló gbọ́dọ̀ fi alámù èéfín sí ìpele kọ̀ọ̀kan ilé, ìsàlẹ̀ àti òkè, kó sì fi ti CO sí yàrá tí bọ́ílà gáàsì bá wà.

Tí CO bá jẹ́ 50 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, alámù lè tó wákàtí kan sí kan ààbọ̀ kó tó ké. Tó bá jẹ́ 300, kò ní ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Tó bá ti ké, ẹ pa bọ́ílà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde, ẹ pe 0800 111 999, nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni tàbí tí èébì ń gbé e, 999 ni kí ẹ pè. Lẹ́yìn náà, ẹlẹ́rọ tó ní káàdì Gas Safe, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ gáàsì, nìkan ni kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́ílà náà.