Bí ẹ ṣe lè wo yìnyín tó ń yọ̀ kúrò lórí òrùlé

Ní Buffalo níbí, ní Amẹ́ríkà, bí oòrùn bá yọ lẹ́yìn òtútù gidi, ojú mi kì í kúrò lára òrùlé gáréèjì aládùúgbò mi, níbi tí yìnyín (snow) ti kó jọ. Òrùlé páànù tó dà gẹ̀rẹ́ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì wo ìhà gúúsù rẹ̀, torí ibẹ̀ ni oòrùn ń pa jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ sì di ọmọdé mú. Yìnyín tó ti rin, tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, lè wọn ju kílò 300 lọ. Ojú fèrèsé òdìkejì ló dára.

Ẹ tẹ́tí sí omi tó ń kán. Tí kíkán bá di ṣíṣàn, omi ti wọ abẹ́ yìnyín nìyẹn, kò rí páànù dì mú mọ́. Ẹ wo òkè téńté: ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan á là. Nísàlẹ̀, etí yìnyín á yọ síta, á tẹ̀ kọdọrọ bí ahọ́n ajá. Ibi tó dùn jù rèé! Ó lè pẹ́ níbẹ̀, ẹ ṣáà ní sùúrù. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ á ya wálẹ̀, gbàà! Ilẹ̀ á mì tìtì.

Ẹ má tíì sún mọ́ ọn o. Èyí tó kù lókè lè ṣì ń bọ̀.