Yíyan Ẹrù fún Ìrìn Àjò Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo rí tí ìrìn àjò orí kẹ̀kẹ́ dojú rú fún, ẹsẹ̀ kọ́ ló dá wọn dúró lọ́nà, ẹrù ni. Wọ́n á ra àgọ́ tó dára, wọ́n á ra tọ́ọ̀ṣì olówó gọbọi, wọ́n á wá di gbogbo rẹ̀ lé orí kẹ́ríà tí kò yẹ kí ó gbé ju àpò ìwé ọmọ iléèwé lọ. Ọ̀nà tí mo mọ̀ jù ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé yìí: láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, láti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, kí a tó yà sí Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ̀ wà lórí òkè. Ẹni tí kò bá sáré, tí ó sì fẹ́ gbádùn ọ̀nà, yóò sun òru mẹ́rin tàbí márùn-ún síta kí ó tó padà délé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ iye òru tí ẹ óò sùn síta àti oṣù tí ẹ óò lọ sílẹ̀ lórí ìwé. Òru mẹ́rin nínú oṣù Kejìlá kò rí bákan náà pẹ̀lú òru mẹ́rin nínú oṣù Kẹfà. Ọyẹ́ a máa mú kí ìdájí tutù, ilẹ̀ a sì gbẹ débi pé èèkàn àgọ́ kì í fẹ́ wọlé, nígbà tí òjò oṣù Kẹfà yóò wá ihò tó kéré jù lára àgọ́ yín kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ nílò sílẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Lọ́dọ̀ tèmi, bí a bá yọ omi àti oúnjẹ sílẹ̀, ẹrù kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 12 lọ. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kì í wá kẹ̀kẹ́ tó lágbára sí i, ẹrù ni mo máa ń dínkù.

N kò ní pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí férémù rẹ̀ jẹ́ irin, tí ó ní ihò tí a lè de kẹ́ríà mọ́ lábẹ́ ìjókòó àti nítòsí àárín táyà ẹ̀yìn, ti tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa ni nọ́ńbà ara táyà. Àwọn tí ń tà á a máa sọ pé nọ́ńbà 26 ni, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi 26 ló wà. Bí ẹ bá rí 47-559 lára táyà, ó túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ tó mìlímítà 47, àti pé ibi tó ti jókòó lára ríìmù gùn tó mìlímítà 559 láti etí kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n kọ 26 x 1 3/8 sí lára sábà máa ń jẹ́ 590, kò sì ní jókòó lórí ríìmù 559 bí ẹ tilẹ̀ fi gbogbo agbára tì í. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ kọ sínú fóònù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ní ti túúbù, ẹ yan èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ọ̀kadà, nítorí pé fọkanáísà èyíkéyìí létí ọ̀nà lè fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ ní kí ó fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fọwọ́ tẹ táyà náà wò bí ó ti ń fẹ́ ẹ, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ń fẹ́ táyà ọkọ̀ lè bẹ́ túúbù kẹ̀kẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ wá kan kẹ́ríà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ojú fo ibí yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kùnà. Ẹ má ra kẹ́ríà alápá kan tí wọ́n ń fún mọ́ ọ̀pá ìjókòó nìkan. Bó ti wù kí ó lẹ́wà tó, yóò máa fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ẹ bá ti di ẹrù lé e, yóò sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá bọ́ sínú kòtò. Kẹ́ríà tó dára gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹsẹ̀ náà sì sọ̀kalẹ̀ dé ìtòsí àárín táyà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tó lè gbé sí lára, 25 kg sì wọ́pọ̀. Ìdajì nọ́ńbà yẹn ni èmi máa ń gbà, nítorí pé ẹrù tó bá ta sókè nínú kòtò máa ń balẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Mo sì fẹ́ràn kẹ́ríà onírin ju ti alumíníọ̀mù lọ, bí ó tilẹ̀ wúwo díẹ̀ sí i. Bí irin bá kán ní Ìsẹ́yìn, ẹ óò rí wẹ́dà tí yóò jó o pọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó alumíníọ̀mù.

Ẹni kan tí a jọ rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn ní kẹ́ríà tó lágbára, ṣùgbọ́n kò yẹ bóòtì rẹ̀ wò láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé. Gbígbọ̀n ọ̀nà tú ọ̀kan jáde, kẹ́ríà fì sí òsì, àpò sì wọ inú táyà. Kí ó tó lè tẹ bíréèkì, sípóòkù mẹ́rin ti kán, ríìmù ti ká kò. Bóòtì kan ṣoṣo tí kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ ló dá wa padà. Nítorí náà, gbogbo bóòtì kẹ́ríà gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀tì méjì níbi tí àyè bá gbà á. Níbi tí kò bá sí àyè, ẹ kun kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin ń fi sí èékánná sí ojú ìlà rẹ̀ kí ẹ tó fún un. Àwọn kan ń ra gọ́ọ̀mù pàtàkì fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kútẹ́ẹ̀sì kò tíì já mi kulẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó mu omi gbígbóná, sípánà ni mo máa ń kọ́kọ́ mú lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń di ẹrù náà tún ṣe pàtàkì. Ohun tó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sì sún mọ́ iwájú díẹ̀ ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ, níwọ̀n ìgbà tí gìgísẹ̀ yín kò bá ti ní máa kàn án bí ẹ bá ń wa pẹ́dàlì. Kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìdajì kìlógíráàmù lọ. Ohun fífúyẹ́ ni kí ó wà lókè. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láé, nítorí pé bí ó bá fì wọ inú sípóòkù iwájú, orí ni ẹ óò fi balẹ̀. Rọ́bà tí a gé láti ara túúbù ọ̀kadà àtijọ́ ni mo fi ń di ẹrù. Ó máa ń fún mọ́ra, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ìdè, kí ó má baà lọ́ mọ́ ṣéènì.

Ní ti àpò ẹ̀gbẹ́, télọ̀ ni mo máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Thomas Hiram Holding tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn apàgọ́ orí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1901, télọ̀ ni òun náà, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí abẹ́rẹ́ àti òwú. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ni kí ẹ mú lọ. Ẹ ní kí ó rán àpò méjì tí aṣọ gbọọrọ so pọ̀, kí ó lè gun kẹ́ríà bí àpò ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ lè so bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì tó ní ìdérí mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ́ríà. Omi kì í wọ̀ ọ́, ó sì ń di àga bí a bá ti pàgọ́.

Àgọ́ tí ó lè dá dúró láìsí èèkàn ni kí ẹ yàn, nítorí pé òkúta ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ orí òkè Adó-Àwáyè. Kí ó ní nẹ́ẹ̀tì nínú àti ìbora lóde, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju kìlógíráàmù 3 lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fi okùn so mọ́ igi méjì, tí a sì ta tapólì bò, lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹní tí a lè ká ṣe dandan, nítorí pé ilẹ̀ ló ń fa ooru kúrò lára ẹni tó sùn. Aṣọ òkè kan tó nípọn ti tó fún ọyẹ́.

Gààrí, ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ kò nílò àlàyé. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan, nítorí náà lítà 3 ni mo máa ń gbé kúrò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń ra òmíràn ní ìlú tó bá kàn. Ẹ kó túúbù méjì dání, pẹ̀lú pááṣì, sọlúṣàn, pọ́ǹpù, sípánà tó bá gbogbo bóòtì yín mu àti sípóòkù mẹ́fà tí ẹ ti wọ̀n mọ́ ti kẹ̀kẹ́ yín.

Ìdánwò ló kù. Ẹ pa àgọ́ náà sẹ́yìnkùlé, kí ẹ da omi lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì wọlé lọ fọwọ́ pa ojú ìrán rẹ̀. Níbi tó bá ti ń jò, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi àbẹ́là ra á. Ẹ sùn nínú rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ di gbogbo ẹrù, omi pẹ̀lú, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 30 lórí ọ̀nà tí kò dára. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ń gbọ̀n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ti wúwo jù, ẹ gbé díẹ̀ lára ẹrù sí iwájú, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ bóòtì wò kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ sì tú àpò sílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn láti alẹ́ àná, tí kì í ṣe egbòogi tàbí ohun ìtúnkẹ̀kẹ́ṣe, ẹ gbé e padà sínú yàrá.