Ẹ̀yin tó fẹ́ gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ka sáyẹ́ǹsì àyíká ní Kalifóníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán èyí wò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti parí ọdún àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, A lásán ni òun sì ń gbà. Mo ní kó fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí i, mo káwọ́ lérí. Ọmọ Ènìyàn àti Àyíká, Òkun àti Odò, Ojú Ọjọ́: gbogbo rẹ̀ kún bámú. Kò sí kẹ́mísírì, kò sí ìṣirò.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Ẹ bá ti rí "àyíká" lára kọ́ọ̀sì, ẹ ti gbé e mì bí ẹja tó rí ìjẹ. Yunifásítì tí ẹ fẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì yìí kọjá sí kò wo orúkọ. Kẹ́mísírì gidi tó ní láàbù, bàọ́lọ́jì, kálíkúlọ́ọ̀sì, nígbà míì físíìsì pẹ̀lú, ni wọ́n sábà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé sí ọdún kẹta. Kẹ́mísírì yìí, àkàsọ̀ ni. Ẹ ò lè gun 1B (apá kejì) láìgun 1A (apá kìíní), ẹ ò sì lè fojú kan kẹ́mísírì organic láìṣe 1B. Bí ìṣirò yín kò bá tíì tó, 1A gan-an kò ní gbà yín. Láàbù náà, àyè rẹ̀ níye. Ó bá ti kún, ó di sẹmẹ́sítà tó ń bọ̀. Bí ọdún méjì ṣe ń di mẹ́ta nìyẹn.

Èmi tí mò ń pariwo yìí, èmi ni ọ̀gá wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún kẹ́mísírì àwọn tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì, torí wọ́n ní kò le. A fi omi kábéèjì pupa dán ọtí kíkan àti ọṣẹ wò. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn, wọ́n fi han gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn ti di sáyẹ́ǹtíìsì. Kọ́ńsẹ́lọ̀ ló wá là mí lójú: yúníìtì náà á bá mi lọ lóòótọ́, àmọ́ kò bo ohunkóhun nínú ohun tí ẹ̀ka mi ń béèrè. $46 ni yúníìtì kan fún ọmọ ìpínlẹ̀. Èmi kò tíì di ọmọ ìpínlẹ̀ nígbà náà, ìlọ́po-ìlọ́po rẹ̀ ni mo san. Kábéèjì yẹn wọ́n o.

Ìkejì: ẹ kì í ṣí ìkànnì ASSIST.org. Ọ̀fẹ́ mà ni! Ẹ mú kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, ẹ mú UC (àwọn yunifásítì University of California) tàbí CSU (ti California State University) tí ẹ ń lọ, ẹ mú ẹ̀ka. Á to kọ́ọ̀sì tiwọn àti tiyín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbi tó bá ti kọ "No Course Articulated", kò sí kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì yín tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ẹ wò ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì tó wà nítòsí, ẹ má fi ohun tó jọ ọ́ dí i.

Ìkẹta: kọ́ọ̀sì tí kò sí lọ́dọ̀ yín lẹ lè lọ ṣe níbòmíràn, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísírì níbì kan kí ẹ lọ parí rẹ̀ níbòmíràn.

TAG (Transfer Admission Guarantee, ìlérí pé UC á gbà yín wọlé tí ẹ bá kúnjú ìwọ̀n) tí gbogbo yín ń fọ́nnu lé lórí ńkọ́? UC mẹ́fà péré ló ń ṣe é. Berkeley, UCLA àti San Diego kò sí níbẹ̀. Oṣù September ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kan ti pè mí ní October.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè), kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló lè wọnú yúníìtì 12 tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ẹ má bá mi jiyàn, ẹ lọ bi DSO yín, òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà akẹ́kọ̀ọ́.

Ìwé tuntun? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní láíbìrì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti forúkọ sílẹ̀ fún 1A báyìí, òun ni ìkeje lára àwọn tó ń dúró de àyè. Ó ní ṣé mo ní awò ààbò ojú ti láàbù tí òun lè yá. Mo wá a jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kábéèjì ṣì wà lára okùn rẹ̀.