Ẹ fi gretl ṣe econometrics yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì kọ gbogbo ẹ̀ sínú script

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó ní regression nínú (ìṣirò tó ń wo bí nǹkan kan ṣe ń yí tí òmíì bá yí), ẹ yéé wá kíráàkì kiri, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n já láísẹ́ǹsì ẹ̀. Sọ́fítíwíà olówó gọbọi tẹ́ ẹ gbà níbi tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì lè bá a wọlé, ó sì lè dákẹ́ lójijì lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ò ju OLS lọ (irú regression tó wọ́pọ̀ jù), bóyá panel (dátà ọ̀pọ̀ èèyàn tàbí ìlú lọ́dún púpọ̀), bóyá kẹ́ ẹ wo unit root (bóyá dátà kàn ń rìn gbéregbère láìpadà sójú kan), gbogbo ẹ̀ ló wà nínú gretl, sọ́fítíwíà fún econometrics, ìyẹn fífi ìṣirò yẹ dátà ọrọ̀ ajé wò, ọ̀fẹ́ sì ni. R àti Python, àwọn èdè kóòdù, náà wà o, wọ́n dáa gan-an, àmọ́ wọ́n lè tètè sú ẹni tí ò kọ kóòdù rí. gretl ní mẹ́nù téèyàn lè máa tẹ̀, ó tún ní èdè tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hansl fún ẹni tó bá fẹ́ kọ àṣẹ fúnra ẹ̀, ìdí tí mo fi máa ń sọ pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nìyẹn.

Allin Cottrell àti Riccardo Lucchetti ló wà nídìí ẹ̀, inú kóòdù tí Ramu Ramanathan kọ́kọ́ kọ ní yunifásítì California ní San Diego ni wọ́n sì ti mú un jáde. Láísẹ́ǹsì GNU GPL ló ń lò, ìyẹn ni pé ẹ lè lò ó, ẹ lè fún ẹlòmíì, ẹ sì lè ṣí inú ẹ̀ wo bó ṣe ń ṣe ìṣirò. Ohun tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí sọ́fítíwíà méjì lè gbé standard error (ìwọ̀n bí èsì ṣe lè yẹ̀ sí òótọ́ tó) tó yàtọ̀ síra jáde lórí dátà kan náà, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ ẹ nílò kẹ́ ẹ mọ fọ́múlà tí oníkálukú lò.

Ẹ lọ sí gretl.sourceforge.net, ẹ mú èyí tó bá kọ̀ǹpútà yín mu, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Tó bá jẹ́ Ubuntu tàbí Debian lẹ̀ ń lò, ẹ kàn kọ sudo apt install gretl, ó tán.

Ẹ má tíì gbé dátà yín síbẹ̀ o. Dátà ìdánrawò wà nínú ẹ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ fi mọwọ́. Ẹ lọ sí File, Script files, New script, kẹ́ ẹ mú gretl script (script ni fáìlì tẹ́ ẹ ń kọ àṣẹ sí), wíńdò òfìfo kan máa ṣí, ẹ kọ èyí sí i:

open data4-1
summary
ols price 0 sqft
ols price 0 sqft bedrms baths
omit bedrms baths

Ẹ wá tẹ Ctrl àti R. Òdo tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ yẹn ni constant (iye tó dúró lójú kan nínú ìṣirò náà), ẹ lè kọ const dípò ẹ̀. Dátà yìí jẹ́ ti ilé 14 tí wọ́n tà ní San Diego lọ́dún 1990, price ni iye tí wọ́n ta ilé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là, sqft ni bí ilé ṣe fẹ̀ tó, bedrms ni yàrá, baths ni balùwẹ̀.

Ẹ dúró síbi èsì yìí dáadáa, ẹ̀kọ́ púpọ̀ ló wà ńbẹ̀. Nínú model àkọ́kọ́ (ìlà ols àkọ́kọ́), coefficient sqft (iye tí price fi ń yí tí sqft bá fi ọ̀kan lé) jẹ́ 0.13875, R-squared (ìpín ìyàtọ̀ owó ilé tí model ṣàlàyé) jẹ́ 0.82. Nínú ìkejì, sqft di 0.1548, ìyẹn ni pé tí ilé bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó fẹ̀ sí i, tí yàrá àti balùwẹ̀ ò yí padà, owó ẹ̀ á fi bíi dọ́là 155 lé. Àmọ́ ẹ wo bedrms, -21.59 ló gbé jáde! Ṣé kí yàrá pọ̀ sí i ló wá ń dín owó ilé kù ni? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọ ohun tí ò yé wọn sínú iṣẹ́. Ẹ rántí pé sqft wà nínú model, torí náà ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé kẹ́ ẹ mú ilé tó fẹ̀ bákan náà, kẹ́ ẹ wá gé e sí yàrá tó pọ̀ sí i, àwọn yàrá yẹn á há. Ìyẹn lè dín owó kù lóòótọ́. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, standard error ẹ̀ jẹ́ 27.03, ó tóbi ju coefficient gan-an lọ, p-value ẹ̀ (bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nọ́ńbà tó jìnnà sí òdo tó báyìí ṣèèṣì wáyé ká ní òdo ni òótọ́) sì jẹ́ 0.44, torí náà a ò tiẹ̀ lè sọ pé ó yàtọ̀ sí òdo. R-squared gòkè díẹ̀ dé 0.836 lóòótọ́, ṣùgbọ́n adjusted R-squared (èyí tó ń já wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi ohun tí ò wúlò kún model) já wálẹ̀ láti 0.806 sí 0.787, àṣẹ omit tẹ́ ẹ kọ gbẹ̀yìn á sì fi hàn yín pé F, nọ́ńbà tí wọ́n fi dán bedrms àti baths wò pa pọ̀, ò tó 1, ìyẹn ni pé wọn ò fi nǹkan gidi kún un. Lójú tèmi o, model àkọ́kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ mú.

Ìràwọ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ p-value, ọ̀kan dúró fún 10%, méjì fún 5%, mẹ́ta fún 1%. Ẹ má kàn máa ka ìràwọ̀.

Ó wá kan dátà tiyín. Ìdajì wàhálà tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, fáìlì ni, kì í ṣe econometrics rárá. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ variable (ohun tẹ́ ẹ wọ̀n, bíi price), lẹ́tà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ ní àlàfo, ẹ lo àmì bíi owo_osu dípò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ nọ́ńbà bíi 1,250 pẹ̀lú kọ́mà láàárín, sọ́fítíwíà lè rò pé ọ̀rọ̀ ni, ẹ yọ kọ́mà yẹn kúrò. Ibi tí dátà ò bá sí, ẹ kọ NA síbẹ̀, ẹ má kọ òdo láéláé, torí òdo jẹ́ iye tiẹ̀, ó sì máa da àròpín rú. Àwọn àjọ míì máa ń fi -999 dúró fún àìsí dátà, torí náà ẹ kọ́kọ́ ṣe summary kẹ́ ẹ wo iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan regression. CSV (fáìlì tó ń fi kọ́mà pín dátà) ni mo máa ń ní kí èèyàn lò, àmọ́ gretl ń ṣí fáìlì Excel, Stata, EViews àti SPSS náà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe OLS, ẹ kọ vif kẹ́ ẹ fi wo bí àwọn variable bá jọra jù, ẹ kọ modtest --white (ìdánwò White) fún heteroskedasticity, ìyẹn kí àṣìṣe model máa tóbi níbì kan ju ibòmíì lọ, kẹ́ ẹ kọ reset kẹ́ ẹ fi mọ̀ bóyá bẹ́ ẹ ṣe to model náà ò dáa. Tí White bá ní ìṣòro wà, ẹ fi --robust sí ìparí ìlà ols yín, coefficient ò ní yí padà o, standard error ló máa yí. Ẹ ṣọ́ra ṣá, tí dátà bá kéré bíi ilé 14 yẹn, àwọn ìdánwò yìí ò lágbára, pé wọn ò rí ìṣòro ò túmọ̀ sí pé ìṣòro ò sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo dátà ọdọọdún tàbí oṣooṣù, tiyín le díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún gretl pé time series (dátà tó tò tẹ̀lé àkókò) ni, bíi setobs 12 2005:01 --time-series tó bá jẹ́ oṣooṣù. Lọ́dún 1974 ni Granger àti Newbold, àwọn onímọ̀ econometrics, ti fi hàn pé nǹkan méjì tí ò mọra wọn rí, tí oníkálukú kàn ń rìn gbéregbère lọ, lè gbé R-squared ńlá àti t ńlá (coefficient tí a fi standard error ẹ̀ pín) jáde. Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, ẹ dán an wò:

nulldata 200
setobs 1 1 --time-series
set seed 1974
series y = cum(normal())
series x = cum(normal())
ols y 0 x

y àti x yìí ò ní nǹkan kan pa pọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣẹ̀dá wọn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ nọ́ńbà seed (èyí tó ń pinnu nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà á ṣà) tẹ́ ẹ sì ń tún un ṣe, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ máa rí ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ x. Ẹ wo Durbin-Watson nísàlẹ̀ èsì náà (nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àṣìṣe ìgbà kan ń tẹ̀lé ti ìgbà tó ṣáájú), tó bá ti kéré ju R-squared lọ, kára fu yín. Ìdí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣe adf 4 y --c --test-down, ìdánwò unit root, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun nìyẹn, ẹ má sì kà á sódì: pé unit root wà ni null hypothesis ibẹ̀ (ohun tí ìdánwò kọ́kọ́ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀), p-value kékeré ló ń sọ pé kò sí. Tó bá wà, ẹ lo diff y, gretl á ṣe d_y (ìyàtọ̀ iye kọ̀ọ̀kan sí èyí tó ṣáájú ẹ̀) fún yín, tàbí kẹ́ ẹ wo cointegration (bóyá àwọn méjèèjì jọ ń rìn pa pọ̀ fún ìgbà pípẹ́) pẹ̀lú coint 4 y x.

Ohun tó ká mi lára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni script. Ẹni tó bá ń tẹ mẹ́nù nìkan, tí olùkọ́ bá ní kó yọ ọdún kan kúrò nínú dátà, àtìbẹ̀rẹ̀ ló máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe, kò sì ní rántí ohun tó tẹ̀. Ẹni tó bá ní script á kàn yí ìlà kan padà. Ẹ fi # bẹ̀rẹ̀ ìlà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe nǹkan, ẹ má fọwọ́ kan fáìlì dátà àkọ́kọ́ rárá, inú script ni gbogbo àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ wáyé. Tẹ́ ẹ bá ti mọ mẹ́nù, tẹ́ ẹ ò sì mọ àṣẹ, gretl ń tọ́jú gbogbo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sínú command log lábẹ́ Tools, ẹ dà á kọ látibẹ̀.

Tábìlì náà, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́ yín, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti máa ń ṣì. Ẹ kọ modeltab add lẹ́yìn model kọ̀ọ̀kan, tó bá tó, ẹ kọ modeltab show, ó á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tẹ́ ẹ bá sì ń lo LaTeX (ètò tí wọ́n fi ń to ìwé), modeltab --output=tabili.tex ni.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò nǹkan tí gretl ò ní, tí R sì wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ò ní láti kó kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ foreign language=R --send-data, ẹ kọ kóòdù R yín sísàlẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi end foreign parí ẹ̀, dátà tẹ́ ẹ ṣí á bọ́ sínú R pẹ̀lú orúkọ gretldata.