Bí nọ́ọ̀sì tuntun ṣe lè yí wọ́ọ̀dù padà láì jẹ gbèsè kọ́ńtíráàtì

Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi dáadáa, níbi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù kan ní Houston, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Káàdì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti fọwọ́ sí i. Mo tẹ́ ìwé náà sórí sítíárìn, mo mú máákà aláwọ̀ ìyeyè, mo ń kun gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó. Nígbà tí mo dé ojú ìwé keje, mo rí i pé kò síbi kankan tí wọ́n ti ní wọ́ọ̀dù med-surg tí wọ́n fi mí sí (ti àìsàn gbogbogbò àti iṣẹ́ abẹ) ni mo gbọ́dọ̀ wà. Ọsibítù ni mo bá ṣe àdéhùn ọdún méjì, pé bí mo bá lọ ṣáájú, mo máa san owó fún wọn. N kò bá wọ́ọ̀dù kankan ṣe é.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege NCLEX (ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì), tí wọ́n gbà sí residency (ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tuntun), tí ẹ sì ń rò pé ọdún méjì lẹ máa fi jìyà níbi tí ọkàn yín kò sí, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dùn yín gan-an. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ le fún gbogbo wa, ibi yòówù tí wọ́n bá fi wá sí. Preceptor mi, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ní kí n ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò, kí n sì kọ ohun kan ṣoṣo tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lọ́jọ́ náà síbẹ̀ kí n tó wakọ̀ lọ sílé, fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo kà wọ́n pa pọ̀, mẹ́sàn-án ló jẹ́ ti iye aláìsàn: mẹ́fà fún èmi nìkan, méjì ń pè, ọ̀kan fẹ́ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Irú ìṣòro yẹn wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn náà, àyípadà ẹ̀ka iṣẹ́ kò lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí wọ́n yá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyálọ́mọ, n kò rí nǹkan kan kọ. Agbẹ̀bí ni ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọwọ́ mi ti mọ bí a ṣe ń gbé ìkókó láti kékeré. Ọjọ́ méjì yẹn ni mo fi mọ̀ pé yàrá ìgbẹ̀bí ni mò ń wá, pé kì í ṣe pé mo kàn ń sá fún wàhálà.

Ó yá, ẹ lọ mú ìwé yín. Ẹ má wò ó lórí fóònù o, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo ẹni tí ẹ bá ṣe àdéhùn: ṣé wọ́ọ̀dù kan ni, ṣé ọsibítù kan, àbí gbogbo ọsibítù tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ náà? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ọjọ́ tí àwọn wọlé ni. Tèmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí orientation (ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) ọ̀sẹ̀ 12 parí, nítorí náà February ni mo wọlé, May ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ tún wo bí owó náà ṣe ń dín kù. Tèmi jẹ́ $7,200 fún oṣù 24, ó ń fi $300 dín lóṣooṣù. Ká ní mo lọ lẹ́yìn oṣù 11, oṣù 13 ló kù, $3,900 ni n bá san. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe ìdánwò, tiẹ̀ kì í dín rárá. Bó lọ lóṣù kẹtàlélógún, odidi owó náà ni wọ́n máa gbà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ kí àdéhùn bàjẹ́ pẹ̀lú. Ní tèmi, bí mo bá kúrò ní full-time bọ́ sí PRN (iṣẹ́ ìgbà tí wọ́n bá nílò èèyàn nìkan), bí ẹni pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, bí mo tilẹ̀ ṣì ń wá síbi iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní California, òfin AB 692 ti dín agbára irú ìwé báyìí kù gan-an fún àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí láti January 1, 2026. Òfin náà kò kan èyí tí ẹ ti fọwọ́ sí ṣáájú ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò kan àwa tí a wà ní Texas.

Ìlànà transfer, ìyẹn yíyí wọ́ọ̀dù padà, kì í sábà sí nínú kọ́ńtíráàtì, inú ìwé ìlànà HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́) ló máa ń wà. Oṣù mẹ́fà ni àwọn kan ń béèrè ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ọdún kan, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹ má ní ìwé ẹ̀sùn kankan. Ọdún kan ni tèmi. N kò sì kà á. Lóṣù kẹjọ yẹn náà, mo kọ̀wé béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọsibítù láàárín òru, láì sọ fún mánéjà mi. Kí n tó délé ni ìmeèlì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo padà wá, ó pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí kò ṣẹ̀ mí rí. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mánéjà yín kí kọ̀ǹpútà tó bá yín sọ ọ́.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má bú wọ́ọ̀dù. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ dá oṣù tí ẹ ń rò, kí ẹ sì bi í pé: "Kí lẹ fẹ́ kí n parí níbí kí ẹ tó lè fi mí sílẹ̀?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tèmi ní kí n má pa iṣẹ́ jẹ títí di May, kí n sì ran nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Mo kọ ìmeèlì kúkúrú sí i lọ́jọ́ náà gan-an pé ohun tí a jọ sọ nìyí. Nígbà tí àkókò tó, ìmeèlì yẹn ló rán an létí. N kò ní láti bá a jà.

Láàárín àkókò yẹn, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n wá wo iṣẹ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí fún wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ ìsinmi mi. Àwọn tó máa gbà yín síṣẹ́ á ti mọ ojú yín. Mo gba NRP (ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń mú ìkókó tí kò mí sọjí), mo sì lọ sí kíláàsì kíka ìlùkìkì ọkàn ọmọ inú. Ẹni tó bá ń lọ ICU (wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe), kó lọ gba ACLS (ẹ̀kọ́ ìgbàlà fún àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró), kó sì mọ ECG (àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù) kà. Ẹni tó bá ń lọ wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, kó fi PALS (irú ẹ̀kọ́ yẹn fún ọmọdé) kún un. Ẹ bi HR kí ẹ tó fi owó ara yín san, nítorí ọsibítù púpọ̀ ló ń sanwó rẹ̀, ọdún méjì péré sì ni káàdì NRP àti ACLS ń lò.

Ẹ wá fara balẹ̀ níbí, nítorí ibí ló ti ń bàjẹ́ fún àwọn èèyàn. Nígbà tí yàrá ìgbẹ̀bí gbà mí, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fọwọ́ sí gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìkẹta nínú àwọn ìwé náà, kọ́ńtíráàtì tuntun ni: ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 16, oṣù 24 mìíràn, $9,000. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí mo bá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, gbèsè méjì ni ì bá wà lọ́rùn mi pa pọ̀. Mo kọ̀wé sí HR lálẹ́ ọjọ́ náà: ṣé kíkà ti àkọ́kọ́ ṣì ń lọ ní wọ́ọ̀dù tuntun? Ṣé méjèèjì lè jọ máa lọ? Bí wọ́ọ̀dù tuntun bá ní n kò lè ṣe é, ta ló máa jẹ gbèsè? Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi dákẹ́. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ń lọ bó ṣe wà, pé bí wọ́ọ̀dù bá dá mi padà láàárín ẹ̀kọ́, n kò ní san nǹkan kan, wọ́n sì dín oṣù 24 tuntun kù sí 12 nítorí ọdún tí mo ti lò lọ́dọ̀ wọn. Ká ní n kò bi wọ́n ni, 24 ni mo máa ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ́ńtíráàtì náà kí n tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi láísẹ́ǹsì dẹ́rù bà yín, ẹ má gbọ̀n. Gbèsè kọ́ńtíráàtì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́, Texas Board of Nursing, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, kọ́ ló ń dá a. Ohun tó lè kan láísẹ́ǹsì ni pé kí ẹ ti gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, kí ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀ láì fà wọ́n lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má ṣe é láé, bó ti wù kí inú bí yín tó.

Ẹ̀yin tí agency (ilé iṣẹ́ tó ń wá nọ́ọ̀sì láti òkèèrè) mú wá láti Nàìjíríà, ìwé tiyín yàtọ̀ pátápátá, nítorí green card wà nínú rẹ̀. Lọ́ọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe èmi.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, tí ara yín kò sì lè gbà á mọ́, ẹ ní kí HR kọ iye tó kù sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù ìkẹyìn, àti bóyá ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí tiẹ̀ kì í dín yẹn, $250 lóṣooṣù ni wọ́n gbà fún un nígbà tó béèrè. Ó ti san án tán, ICU ló wà báyìí.