Bí mo ṣe mú kí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké yẹn tò sáàárín

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a fà á o. Bọ́ọ̀lù polystyrene (irú ike kan) tí ò ju 5 µm lọ (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) ló yẹ kí ultrasound, ìyẹn ìró tó ga ju èyí tí etí èèyàn lè gbọ́, tì sáàárín ojú ọ̀nà omi inú gíláàsì, àmọ́ ńṣe ni wọ́n kàn ń ṣàn lọ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀nà omi yẹn fẹ̀ tó 375 µm, ìró sì ń sáré tó 1,480 mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan nínú omi, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí ìdajì ìgbì kan ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìbú ẹ̀, frequency ìró náà, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdì kan, máa jẹ́ bíi 1.97 MHz (ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ìgbà), òun náà ni mo sì lò, kò ṣiṣẹ́. Mo fi kún volt, gíláàsì kàn ń gbóná ni.

Ìgbà tí mo dojú gíláàsì náà dé ni mo rí i: afẹ́fẹ́ ti há sínú gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ piezo, ìyẹn ohun tó ń sọ iná mànàmáná di ultrasound, mọ́ ọn, ó funfun, ó tó èékánná ọmọ ìka. Ultrasound kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wọnú afẹ́fẹ́, ńṣe ló máa ń ta padà. Mo fi ásítóònì tú u, mo tún un lẹ̀, mo gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú. Mo wá ń yí frequency díẹ̀díẹ̀, 5 kHz lẹ́ẹ̀kan, ojú mi ò kúrò lẹ́nu maikirosíkópù. Nígbà tó dé 1.94 MHz, gbogbo wọn rọ́ wá sáàárín, ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo, mo pariwo!