Ìbọn ìléwọ́ àlòkù tí mo rà lówó pọ́ọ́kú, àti ìkọ́ kékeré tó jẹ owó mi

Ìbọn ìléwọ́ àlòkù tí mo rà kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni gbogbo ohun tí mo rà tẹ̀lé e kó tó ṣeé fọkàn tán: mágásíìnì (àpò irin tí ọta ń wà nínú ìbọn) tuntun méjì, sípíríǹgì, irin pọ́ńṣì tí a fi ń gbá pínnì jáde, ìkọ́ (irin kékeré tó ń fa ìkarahun ọta tí a ti yìn jáde) méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò wúlò, àti ọta 300 tí mo yìn dànù kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti ju owó ìbọn fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọta 10 péré ìbá ti fi àléébù náà hàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ká ní mo mọ bó ṣe yẹ kí n yìn wọ́n.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tí kò bá ní àṣẹ tí òfin ibi tó ń gbé béèrè kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé e rárá. Ọwọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni kó ti rà á, kí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò nọ́ńbà ìbọn náà bóyá wọ́n jí i gbé. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ha nọ́ńbà ara férémù (ara ìbọn tí ọwọ́ ń dì mú), gbé e sílẹ̀ kí o máa lọ. Tí nọ́ńbà ara ọ̀pá tàbí ti sìláìdì (irin orí ìbọn tó ń sún síwá sẹ́yìn) bá yàtọ̀ sí ti férémù, ìyẹn kàn ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀. Béèrè ìdí rẹ̀.

Irú ìbọn tí mò ń sọ ni oní mágásíìnì tó ń gba ọta 9×19 (ọta mìlímítà 9). Òòlù rẹ̀ (irin ẹ̀yìn tó ń gbá abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta) wà níta, ó sì ní ọwọ́ kékeré kan tí a fi ń sọ òòlù kalẹ̀ láìyìnbọn. Ọta yìí ti wà láti ọdún 1902, kò sì ṣòro rí rà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án: ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí ọta rẹ̀ wọ́n kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú mọ́.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe níwájú oníṣòwò dára, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Mágásíìnì ni mo kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni mo fa sìláìdì sẹ́yìn, tí mo fojú wo ilé ọta (ìdí ọ̀pá, níbi tí ọta ń jókòó sí kó tó yìn), tí mo sì fi ìka kàn án. Bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa sìláìdì nígbà tí mágásíìnì ṣì wà níbẹ̀, ọta mìíràn ló tún fi sínú ilé ọta yẹn, á sì máa rò pé ó ti ṣófo.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú u. Oníṣòwò tí kò bá gbà kí o tú sìláìdì kúrò, má ra ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀pá láti ìdí. Ìlà yíyí inú rẹ̀ mú, etí wọn hàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wá gan-an ni òrùka dúdú kan tó máa ń yí inú ọ̀pá po. Tí o bá rí i, ọta kan ti há síbẹ̀ rí, ẹnì kan sì yin òmíràn lé e, ọ̀pá fi wú. Fi ìka méjì fa ara ọ̀pá láti ìdí dé ẹnu, ibi tó wú kò ní pa mọ́ fún ọ. Ọ̀pá tó ti wú kò ní àtúnṣe, pípààrọ̀ ni. Ihò ìpẹtà kéékèèké lọ́nà iwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìbọn lọ́wọ́. Inú ilé ọta ni wọ́n ti burú, torí ìkarahun ọta máa ń lẹ̀ mọ́ wọn nígbà tó bá gbóná tó sì fẹ̀.

Mo wo igun ihò tí ìkarahun ń gbà jáde lára sìláìdì, àti ibi tí wọ́n gé fún irin tó ń dá sìláìdì dúró sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni irin ti máa ń sán. Kò sán.

Pẹ́ńsù ni mo fi ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Mo tún rí i dájú pé ilé ọta ṣófo, mo gbé ẹnu ìbọn sókè, mo ju pẹ́ńsù sínú ọ̀pá, kí ìdí rẹ̀ tó ní rọ́bà ìparẹ́ wà nísàlẹ̀. Mo fa òòlù, mo fi ọwọ́ kékeré yẹn sọ ọ́ kalẹ̀: pẹ́ńsù kò gbọdọ̀ mira. Mo tún fa òòlù, mo wá fa tíríga: pẹ́ńsù gbọdọ̀ fò. Tó bá fò nígbà tí a kàn sọ òòlù kalẹ̀, abẹ́rẹ́ ń gún ìdí ọta nígbà tí kò yẹ, ìbọn yẹn lè ṣekú pa ẹni tó mú un dání. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ta pọ́ún nígbà tí a fa tíríga, ihò abẹ́rẹ́ ti kún fún òróró gbígbẹ, tàbí kí sípíríǹgì òòlù ti rẹ̀.

Mo fa òòlù, mo fi àtàǹpàkò tì í gidigidi láti ẹ̀yìn, kò já. Mo fa sìláìdì sẹ́yìn ní nǹkan bíi mìlímítà 6, mo dì í mú síbẹ̀, mo fa tíríga, òòlù kò lọ. Mo ti séfítì (ìdènà tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn), mo fa tíríga, mo ṣí séfítì láìfọwọ́ kan tíríga mọ́, òòlù dúró síbi tó wà. Mo kọjú ẹnu ìbọn sókè, mo fa sìláìdì sẹ́yìn díẹ̀, mo jẹ́ kó padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì padà débi tó yẹ fúnra rẹ̀. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ á jẹ́ kó dúró láàárín ọ̀nà.

Ti ìkọ́ ńkọ́? Mo wò ó, mo rí i pé ó wà níbẹ̀, mo kọjá lọ. Ìkọ́ yìí ni irin tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìláìdì, tó ń di etí ìdí ìkarahun mú kó lè fà á jáde lẹ́yìn tí ìbọn bá yìn. Eyín rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ lọ. Ìyà tó fi jẹ mí kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní pápá ìyìnbọn, nínú ọta 50, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìbọn há. Bó ṣe ń há kò yàtọ̀: ìkarahun tí mo ti yìn wà nínú ilé ọta síbẹ̀, ọta tuntun ti fi imú gún un nídìí, sìláìdì kò sì lè padà. Torí gbogbo ẹni tó mọ ìbọn ló ń sọ pé mágásíìnì ni ká kọ́kọ́ fura sí, mágásíìnì ni mo dà á lẹ́bi. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí ọta bá kọ̀ láti gòkè, tó bá fi imú kọ́ ẹnu ilé ọta, tàbí tí sìláìdì kò bá dúró sẹ́yìn lẹ́yìn ọta ìkẹyìn. Ètè mágásíìnì tó ti yà tàbí tó ti sán, àti sípíríǹgì inú rẹ̀ tó ti kúrú, ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n mágásíìnì kọ́ ló ń fa ìkarahun jáde! Ohun tó wà nínú ilé ọta ló yẹ kí n wò, kì í ṣe ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ra mágásíìnì tuntun méjì, mo kọ nọ́ńbà 1 àti 2 sí wọn lára, mo tún yin ọta 50. Àwọn méjèèjì há.

Mo bọ́ sórí sípíríǹgì sìláìdì. Fún ìbọn 9×19 tó tóbi, ọ̀pọ̀ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọta 3000 sí 5000, mi ò sì mọ iye tí ti èmi ti yìn. Mo fi tuntun sí i. Ọta 50, há lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá yí ọta padà, láti ti 115 grain (ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí orí ọta ṣe wúwo tó) sí ti 124 grain, tí orí ọta rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 8. Nínú ọta 100, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló há, inú mi sì dùn, mo rò pé mo ti rí i. Ibi tí mo ti tàn ara mi jẹ jù lọ nìyẹn. Ìbọn tó ń há lẹ́ẹ̀mejì nínú ọgọ́rùn-ún kò tíì sàn, ó kàn dẹwọ́ ni. Mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì idẹ fọ ilé ọta títí ó fi ń dán, mo yin 50 mìíràn, ó tún há.

Ìgbà yẹn ni mo tó mú ìkarahun tó há kan, tí mo wo etí ìdí rẹ̀ dáadáa lábẹ́ iná. Ojú ibi tí ìkọ́ ti dì í mú ti ha, bí ẹni pé wọ́n fi èékánná fà á. Ìkọ́ ti mú un, ó sì yọ̀ kúrò. Gbogbo ìdáhùn ló wà lára ìkarahun yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì ń gbá wọn dànù. Àmì kejì náà wà nílẹ̀: àwọn ìkarahun tó jáde kò bọ́ sójú kan. Òmíràn fò sọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn bọ́ sórí mi, òmíràn kàn já sí ẹsẹ̀ mi. Tí ìkọ́ bá dì wọ́n mú bákan náà, ibì kan náà ni wọ́n á máa bọ́ sí.

Yíyọ ìkọ́ náà tún di wàhálà. Pínnì tó dì í mú jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ ká, inú rẹ̀ ṣófo. Pọ́ńṣì lásán tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú ni mo kọ́kọ́ fi gbá a, orí pínnì sì tẹ́, ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú pínnì yẹn ní pọ́ńṣì tirẹ̀, tó ní orí kékeré kan tó ń wọ inú ihò pínnì. Mo kán òróró tó ń wọ ìpẹtà sí i mọ́jú, mo fi pọ́ńṣì tó tọ́ gbá a díẹ̀díẹ̀, ó jáde. Lábẹ́ ìkọ́, èérí ẹ̀tù àti ẹ̀rún idẹ ti dì pọ̀ bí amọ̀, débi pé ìkọ́ kò lè sún wọlé tó. Igun eyín rẹ̀ kan sì ti kán.

Ohun tó sábà máa ń kán an ni kí ènìyàn ju ọta kan sínú ilé ọta pẹ̀lú ọwọ́, kó sì jẹ́ kí sìláìdì já lé e. Láti inú mágásíìnì ni ọta ti yẹ kó gòkè, kí etí ìdí rẹ̀ lè yọ́ sábẹ́ ìkọ́. Tí ọta bá ti wà nínú ilé ọta ṣáájú, tipátipá ni eyín ìkọ́ á fi fò kọjá etí náà, àwọn ìbọn kan kò sì gba irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ìkọ́ àkọ́kọ́ tí mo bèèrè fún dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì bá a mu. Orúkọ ìbọn kan náà ni, àmọ́ ti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ni, ó fẹ̀ jù fún ojú ibi tó ń wọ̀. Inú bí mi gan-an, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé oríṣi méjì ló wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí o tó sanwó, wọn ìkọ́ rẹ àtijọ́ ní gígùn àti ní fífẹ̀, kí o sì fi nọ́ńbà ìbọn béèrè. Ìkọ́ kejì wọlé wẹ́kú. Mo fi sípíríǹgì rẹ̀ tuntun sí i, mo sì mú ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù, mo yọ́ etí ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìkọ́ nígbà tí ọ̀pá kò sí lára sìláìdì. Mo mi sìláìdì díẹ̀, ọta náà kò bọ́. Pẹ̀lú ìkọ́ àtijọ́, bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò ló já. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan péré, tó ṣeé ṣe lórí tábìlì oníṣòwò.

Ìdánwò ọta 10 tí mo sọ lókè nìyí. Fi ọta kan sínú mágásíìnì, fa sìláìdì kó gòkè, yọ mágásíìnì kúrò, kí o sì yin ọta tó kù nínú ilé ọta náà. Nígbà tí kò sí ọta mìíràn nísàlẹ̀ tó ń gbé ìkarahun ró, ìkọ́ nìkan ló kù tó lè dì í mú. Tí ìkọ́ bá dára, ìkarahun á fò jáde bó ṣe yẹ. Tí kò bá dára, á dúró sínú tàbí kó rọra já sínú ihò mágásíìnì. Ṣe é nígbà 10. Àwọn ìbọn kan wà tí kì í yìn tí mágásíìnì kò bá sí lára wọn; ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún wọn. Tí oníṣòwò bá ní pápá, tàbí tó gbà kí o dá ìbọn padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kó tó di pé o ra sípíríǹgì kankan.

Ìbọn náà yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìsí mágásíìnì. Lẹ́yìn náà mo yin 200 lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú mágásíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 115 àti 124 grain pọ̀, láìfọ̀ ọ́ láàárín. Kò há lẹ́ẹ̀kan. Mo tún fi 50 kún un, irú ọta tí imú rẹ̀ ní ihò, torí imú rẹ̀ tó fẹ̀ máa ń kọ́ ẹnu ilé ọta nínú ìbọn mìíràn. Ìyẹn náà wọlé dáadáa. Ìkarahun gbogbo bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún mi, wọ́n kó jọ sójú kan.

Mágásíìnì àkọ́kọ́ tó bá ìbọn wá, tí mo fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀, kò ní àléébù kankan. Sípíríǹgì sìláìdì tí mo yọ náà, nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, wọ́n gùn dọ́gba.